Wọ́n Ní Ẹ̀bùn Ni

Ẹni tó bá bi mí pé kí ló ń ṣe mí, inú ló máa kọ́kọ́ bí mi, nítorí gbogbo ayé ló ti dáhùn ìbéèrè yẹn bá mi. Wọ́n ti dáhùn ẹ̀ ní páàkì, wọ́n ti dáhùn ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi náà ti dáhùn ẹ̀ nínú yàrá. Èmi tí nǹkan ń ṣe gan-an nìkan ni wọn ò fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Mọ́tò ni mò ń wà. Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́, iṣẹ́ mi nìyẹn látìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n mi. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, ibẹ̀ náà ni mo kọ́lé sí, lórí òkè, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ fi òkúta há táyà kí mọ́tò má bàa yí padà sísàlẹ̀. Kò sí ihò kan lójú ọ̀nà yẹn tí mi ò lè yà fún bí wọ́n tiẹ̀ fi aṣọ dì mí lójú. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ojo kọ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ojo kì í wa mọ́tò lórí àwọn òkè Àkókó wa yìí, kó sì pẹ́ nídìí ẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú mi, ọ̀sán gangan ni. Mo ti kó èrò kúrò ní Ìkàrẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ̀ ní Àkùngbá, ó ku àwọn ìyá méjì tó ń bọ̀ láti ọjà àti ọkùnrin kan tó gbé adìẹ lé itan. Kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò. Bíréèkì dáa, ẹ́ńjìnnì ń dún bó ṣe yẹ kó dún. Ṣàdédé ni àyà mi já. Kì í ṣe bí àyà ṣe máa ń já èèyàn nígbà tí ewúrẹ́ bá sáré kọjá níwájú mọ́tò o. Èyí já, kò sì padà sípò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ọwọ́ mi tutù lórí sitíárì, èémí mi kúrú, ojú mi ń ṣú. Mo ní, ó tán, ikú rèé, mo sì máa kó àwọn ìyá ọlọ́mọ dání lọ. Mo wa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sọ̀, mo jókòó sínú koríko. Ọkùnrin aládìẹ yẹn yọ orí síta, ó ní, "Dírẹ́bà, ṣé inú ń run yín ni? Ṣé ẹ fẹ́ ṣu?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ó lọ. Mo rò pé ó ti lọ nìyẹn. Kò pẹ́ tó tún fi dé, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, à ń kọ orin lọ́wọ́. Ó tún mú mi ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n ti fá orí mi dé ìdajì, mo sì sá jáde bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Àwọn ọmọdé àdúgbò rẹ́rìn-ín títí. Kò ní àkókò, kò ní ìdí. Tó bá mú mi, mo máa mọ̀ dájú pé mò ń kú. Tó bá fi mí sílẹ̀, á rẹ̀ mí bí ẹni tó ro oko látàárọ̀, màá wá máa bẹ̀rù ọjọ́ tó tún máa padà. Ìbẹ̀rù àtipadà ẹ̀ yẹn gan-an, ó burú ju òun fúnra ẹ̀ lọ.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fi wáyà lé mi láyà, wọ́n fà mí lẹ́jẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe mí, kí n lọ sinmi. Ìsinmi wo? Ṣé iṣẹ́ ló ń lé mi kiri ni? Orí ìjókòó ni ó máa ń bá mi.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń pè ní kí ara máa fu èèyàn. Tí èèyàn bá fẹ́ rìnrìn àjò, tí ara bá ń fu ú, ilé la máa ń ní kó jókòó sí. Ìyá tó bí mi lọ́mọ á dé ẹnu ọ̀nà, á tú gèlè, á ní ara ń fu òun, òun ò lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé ara lè máa fu èèyàn lásán, láìsí nǹkan kan níwájú.

Ó wá di ọjọ́ kan ní páàkì Ìkàrẹ́. Tọ́ọ̀nù tèmi ló kàn, mọ́tò ti kún, obìnrin kan tiẹ̀ ti gbàdúrà ìrìn àjò, a ti ṣe àmín. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, nǹkan yìí gbá mi mú. Mo sọ̀ kalẹ̀, òógùn bò mí. Mo sọ fún alága páàkì pé mi ò lè lọ, ẹ̀rù ń bà mí. Ó bú mi. Ó ní ọ̀lẹ ni mí, ó ní ogógóró ló ń yọ mí lẹ́nu, èmi tí mi ò mutí rí. Wọ́n kó èrò mi sínú mọ́tò tó wà lẹ́yìn mi. Wọ́n lọ. Kí wọ́n tó dé Ọ̀kà, táyà iwájú mọ́tò yẹn yọ, ó sì kó gbogbo wọn sínú gọ́tà. Obìnrin tó gbàdúrà yẹn dá lẹ́sẹ̀, eyín dírẹ́bà kán. Ẹnikẹ́ni ò kú, a dúpẹ́.

Nígbà tí ìròyìn dé páàkì, nǹkan mi ti fi mí sílẹ̀, mo jókòó sábẹ́ igi, mò ń mu gàrí. Gbogbo páàkì yíjú. Wọ́n ń wò mí. Alága tó bú mi láàárọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀, ó ní kí n dárí ji òun. Háà! Mo ní, "Alága, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Mọ́tò tèmi ni mo sá fún, nǹkan kan ò sì ṣe mọ́tò tèmi, òun ló dúró níbẹ̀ yẹn. Táyà mọ́tò ẹlòmíì ló yọ. Ká ní mo lọ ni, kò ní yọ. Ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò bára mu?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀mí ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ò kàn tíì mọ̀ ọ́n ni."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Wòlíì.

Mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi wòlíì tí mò ń bú èrò, tí mò ń bá ọlọ́kadà jà nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gun òkè dé Ọ̀kà kí n tó délé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, obìnrin tó dá lẹ́sẹ̀ yẹn ní kí wọ́n gbé òun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa wá dúpẹ́. Ó sọ bí ojú mi ṣe rí, bí òógùn ṣe bò mí, bó ṣe jẹ́ pé ká ní òun gbọ́ràn ni, òun ì bá ti sọ̀. Pásítọ̀ pè mí síwájú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí ẹ̀bùn yìí máa pọ̀ sí i, kó máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Gbogbo ìjọ pariwo àmín. Kó máa pọ̀ sí i! Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, ó ń ṣe mí bíi kí n fò dìde kí n ní kí wọ́n gba àdúrà yẹn padà. Àwọn èèyàn rí omijé mi, wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé mi.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé mi nìyẹn, láàárọ̀ kùtù, kí n tó fọ ẹnu. Ẹni tó ń lọ sí Abuja, ẹni tó ń lọ ra iṣu, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ rí ìyá ẹ̀. Wọn kì í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á jókòó síwájú mi, wọ́n á máa wo ojú mi, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi. Mùsùlùmí ẹgbẹ́ mi kan ní páàkì tí kò gba wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ náà wá, ó ní òun ò sọ pé wòlíì ni mí o, àmọ́ kí n kàn wo òun dáadáa kí òun tó lọ sí Kàdúná. Tí mo bá sọ fún wọn pé àìsàn ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí àwọn tí Ọlọ́run ń lò ṣe máa ń sọ nìyẹn. Inú á bí mi, màá lé wọn jáde, wọ́n á ní wòlíì tó gbóná ni.

Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ojú mi ń rí. Mo ti ń pa tọ́ọ̀nù jẹ, mo ti ń yọ́ lọ jókòó sínú ilé ìgbẹ́ páàkì kí ó tó kọjá. Mi ò lè jẹun dáadáa mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ti ń fi ọ̀wọ̀ kí mi, ta ni màá wá sọ fún?

Mo tún padà sí ilé ìwòsàn náà, mo ṣe é ní kọ̀rọ̀. Dókítà obìnrin kan ni mo bá lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ kékeré, mo lè bí i. Kò fi wáyà lé mi láyà. Ó ní kí n jókòó kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mo sá jáde ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orí àfáàfátán, ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, àìsàn ìpayà lèyí. Ara yín ń ké ìbòsí olè, olè ò sì sí nílé. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ní ìtọ́jú." Bó ṣe sọ pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn yẹn, ṣe ni mo bú sẹ́kún níwájú ọmọ tí mo lè bí. Mo ti rò pé èmi nìkan ni.

Ó fún mi lóògùn. Ó kìlọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ kíákíá, kí n ní sùúrù, pé mi ò sì gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró láìjẹ́ pé mo wá rí òun. Ó tún kọ́ mi bí màá ṣe máa mí tó bá dé. Mo lo oògùn náà bó ṣe wí. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé mo ti jẹ iyán tán, mo sì tún ń bèèrè òmíràn. Ìyàwó mi wò mí, ó bu òmíràn wá. Mo gun òkè, mo sọ̀ ọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọlọ́kadà bíi tàtijọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn nígbà yẹn.

Àsìkò yẹn náà ni ọmọ mi obìnrin rí ààyè ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì gbà ní Ìlọrin. Òun ni àbíkẹ́yìn mi, òun nìkan ló sì kù pẹ̀lú wa nílé. Láti ìgbà tó ti ń fi èkísà di ẹsẹ̀ adìẹ ló ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe. Ó ti gbìyànjú tẹ́lẹ̀, wọn ò mú un. Èyí tí wọ́n wá mú un yìí, wọ́n dá ọjọ́ ìwọlé fún wọn, wọ́n ní ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á fi ààyè ẹ̀ fún ẹlòmíì. Inú mi dùn débi pé mo fọn fèrè mọ́tò láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ìyá oníṣu kan wá nínú ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó jókòó, ó wò mí. Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa lọ, mà. Ọlọ́run á ṣọ́ yín." Ohun tí mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ó lọ. Àwọn olè dá mọ́tò wọn dúró lọ́nà, wọ́n gba gbogbo owó iṣu, wọ́n gbá a létí débi tí ojú ẹ̀ wú. Bó ṣe dé ni ó gbalé mi wá. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ."

Bó ṣe jáde ni ìyàwó mi wọ yàrá, ó mú páálí oògùn mi jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Ó ní, "Èyí ló dí yín létí." Mo ní kí ni mo fẹ́ fi etí gbọ́, àìsàn ni. Mo ṣàlàyé, mo jágbe, mo fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó jẹ́ kí n jágbe tán. Ó wá kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní kí ẹ dá a dúró títí ayé. Ẹ kàn dúró títí ọmọ yìí á fi dé Ìlọrin. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn. Ẹ mọ àwọn ajínigbé tó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ọmọ mi lọ, tó sì jẹ́ pé ara yín ì bá ti sọ fún wa, ṣé ẹ máa lè wò mí lójú?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, kí lẹ bá ṣe? Mo mọ̀ pé àìsàn ni. Dókítà ti sọ fún mi, oògùn ti fi hàn mí. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé, gbogbo wa la mọ àwọn tí wọ́n ti gbé. Mo wò ó pé, tí mo bá lọ ṣe aṣiṣe ńkọ́? Tí ara mi bá mọ nǹkan kan lóòótọ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni mo gbà gbọ́ bí ó ṣe kan ọmọ mi. Mo fún ìyàwó mi ní páálí náà. Ó tì í sínú àpótí ẹ̀.

Kò ju ìgbà díẹ̀ lọ tí nǹkan náà fi padà, ó sì mú èlé wá. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dé, á lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dé, ó jókòó tì mí. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ lọ, wọ́n ti di ẹrù ẹ̀, gàrí, ẹ̀fọ́ gbígbẹ, kóòmù tuntun. Mo fẹ́ dìde láti gbàdúrà fún un, mo sì ń bì. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Ìyàwó mi wò mí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù. Ọmọ náà ò jiyàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo ọwọ́ mi.

Ó pe ilé ẹ̀kọ́ náà, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó tún rí bákan náà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má wò mí, kó máa lọ. Mo sọ ọ́, eyín mi ń gbá ara wọn. Ta ló máa gba irú ẹnu bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ìyàwó mi ní ẹnu mi ló ń sọ pé kó lọ, Ẹ̀mí ní kó má lọ. Mi ò lè wa mọ́tò dé Ìkàrẹ́ lọ gba oògùn míì, mo wá lọ bá a nídìí àpótí pé kó fún mi lóògùn mi, ó ní ó di ìgbà tí ọmọ bá dé Ìlọrin. Ọmọ ò sì lè dé Ìlọrin nítorí pé mi ò lo oògùn. Mo sọ èyí fún un, mo tún un sọ, mo fi ọwọ́ júwe ẹ̀. Ó kàn ń wò mí pẹ̀lú àánú.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ Ẹtì ló kẹ́yìn. Wọn ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ mi wá jókòó tì mí níta. Ó ní, "Dádì, báwo ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?" Mo rò pé bí nọ́ọ̀sì ló ṣe ń bèèrè. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka, bí àyà ṣe máa ń já, bí èèyàn ṣe máa ń mọ̀ dájú pé òun ń kú. Ó gbọ́ ọ délẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kan àyà ara ẹ̀, ó wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Mo ti pinnu. Mo wẹ̀, mo wọ ṣòkòtò tó lápò jíjìn, mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Mo jáde sí pálọ̀, mo ní, "Ara mi balẹ̀. Kó lọ." Irọ́ gbáà! Òógùn ń ṣàn ní gbogbo ẹ̀yìn mi. Ìyàwó mi fò sókè, ó jó, ó dì mọ́ ọmọ. Mo fi mọ́tò ara mi gbé ọmọ mi lọ sí Ìkàrẹ́. Láti Ọ̀kà títí dé páàkì ni mo ń kọrin kó má bàa gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Ọ̀nà yẹn ò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mọ́tò Ìlọrin ń kó èrò. Wọ́n fi í sídìí fèrèsé. Alága páàkì bi mí níwájú gbogbo èèyàn, "Wòlíì, ṣé kí wọ́n máa lọ?" Mo ní kí wọ́n máa lọ. Inú èrò dùn, ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Mo dúró ti fèrèsé ọmọ mi. Ó ń wo iwájú. Mo rí i pé ó di aṣọ ara ẹ̀ mú ní itan.

Ó ní, "Dádì, ọwọ́ mi ti tutù."

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan. Jókòó. Fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀. Á kọjá."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀. Mo máa kú. Mò ń kú."

Mo wo ojú ẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ohun tó wà lójú yẹn fún mi. Mo fi gbogbo agbára mi di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Mo ní, "Àìsàn ni, ọmọ mi. Ọlọ́run kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, àìsàn ni. Jẹ́ kí mọ́tò yìí lọ, o ò ní kú." Ó bú sẹ́kún, ó ń ti ilẹ̀kùn. Obìnrin tó jókòó tì í pariwo pé, "Yéè! Ó ti wà lára ọmọ náà! Bàbá fi í pamọ́, ọmọ sọ ọ́ jáde!" Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo èrò ti ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Alága fẹ́ ṣílẹ̀kùn, mo gbá a lọ́rùn aṣọ mú. Mo bú u, mo bú ìyá ẹ̀, mo ní kí wọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀ kó lọ. Àwọn dírẹ́bà fà mí sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń di ẹni tí Ẹ̀mí gùn mú. Wọ́n sọ ẹrù ọmọ mi kalẹ̀ láti orí mọ́tò.

Èrò mìíràn dé tí kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n kún mọ́tò náà, wọ́n lọ. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Ìlọrin lọ́sàn-án ọjọ́ náà láìsí ìyọnu. Dírẹ́bà pe alága lórí fóònù pé òun ti dé. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ti dé. Wọ́n ti dé láyọ̀!" Alága ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Wòlíì. Ọmọ yín ló sọ̀ kúrò nínú ẹ̀ tí ewu fi kọjá lórí wọn."

Wọ́n fi ààyè ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ó ń bá ìyá ẹ̀ ta ọjà báyìí, tó bá jẹ́ ọjọ́ tó lè jáde. Ó máa ń dé ìdajì ọ̀nà, á padà. Nígbà tó pẹ́, ìyàwó mi wá dá oògùn mi padà fún mi, ó ní kò tún sí ìdí láti tì í pa mọ́. Ó ti bàjẹ́ nínú àpótí náà, ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀. Mo mú ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn kí dókítà yẹn lè rí i. Wọ́n ní ó ti lọ sókè òkun, ọjọ́ ti pẹ́. Ẹni tí a bá níbẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ọmọ mi, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, kó lọ sinmi. A jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé ìwòsàn, àwa méjèèjì, ẹnì kan ò sì lè wa mọ́tò náà lọ sílé. Ẹ̀rù ń ba èmi, ẹ̀rù ń ba òun. Dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi kan ló wá wà wá délé.

Láàárọ̀ àná, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan ni, ó gbé ẹrù, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Níbo lẹ̀ ń lọ?" Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ yín ni mo wá rí. Wọ́n ní tiẹ̀ mọ́ ju tiyín lọ."

Mo fẹ́ lé e. Mo ti ya ẹnu láti lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti jáde láti yàrá, ó dúró lẹ́yìn mi, ìró ilẹ̀kùn lásán ti kó o láyà jẹ, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Obìnrin náà rí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi gidigidi, ó gbé ẹrù ẹ̀, ó sì padà sílé.